Lórí "ìyànsípò arọ": ẹ jẹ́ ká pè é ní èmi-kọ́

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe lame delegation (àṣìṣe kan nínú DNS, ètò tó ń wá ibi tí orúkọ ìkànnì wà) ní "ìyànsípò arọ", torí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wí nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan náà lójú kó tó gba orúkọ. Tí kọ̀ǹpútà bá ń wá ibi tí orúkọ ìkànnì kan wà, sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè) tó wà lókè á tọ́ka sí sáfà mìíràn, bí ẹni ń wí pé, "Òun ni baálẹ̀ ibẹ̀, lọ bá a." A wá dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, baálẹ̀ ní ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Ó ṣe mí rí. Mo kó ìkànnì ẹgbẹ́ wa kúrò níbi tó wà, mo sì gbàgbé láti yọ orúkọ sáfà àtijọ́ kúrò lókè. Mo fi dig, irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ DNS wò, bi sáfà àtijọ́ náà léèrè. N ò tíì ṣẹ́jú tó fi dáhùn: REFUSED, ìyẹn ni pé ó kọ̀. Arọ wo ló ń sáré báyẹn? Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni kò kàn án. (Ká má tiẹ̀ tíì sọ bó ṣe máa rí lára ẹni tó jẹ́ arọ.)

Àwọn onímọ̀ tó ń lo ọ̀rọ̀ náà gan-an ò fẹnu kò mọ́. Ní 1996, RFC 1912, ọ̀kan lára àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì, ní sáfà tí wọ́n fi ẹkùn kan (zone, ìpín orúkọ ìkànnì) sí níkàáwọ́ àmọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ fún ẹkùn náà ni. Nígbà tó yá, àwọn kan ń lò ó fún sáfà tó dákẹ́ lọ gbári, àti fún àṣìṣe mìíràn lóríṣiríṣi. Nígbà tí RFC 9499, tó ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ DNS, fi máa jáde ní oṣù kẹta 2024, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìfohùnṣọ̀kan lórí rẹ̀, pé ó ti di ọ̀rọ̀ àtijọ́, èyí tó ṣe kedere ni ká máa lò. Ṣé ẹrù tí ẹlẹ́rù ti sọ̀ kalẹ̀ la fẹ́ gbé rù?

Tèmi ni pé kí sáfà tó bá sọ pé òun kọ́ máa jẹ́ "èmi-kọ́". Èyí tí a pè tí kò dáhùn, "àìjẹ́pè". Ẹni tó bá ní odidi gbólóhùn kì í di orúkọ, kí ló ń pe ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn?

Ẹ̀kẹta ló ń dà mí láàmú: ìgbà tí orúkọ sáfà náà fúnra rẹ̀ ò ní àdírẹ́sì kankan. "Àìlójúlé" ló ń wá sí mi lẹ́nu, àmọ́ ó jọ ẹni tí kò nílé. Kí lẹ rí sí i?