Ẹ̀yin tí ẹ ti ta ilé bàbá-ńlá yín l'Ékòó, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ Sátidé, mo gba ẹ̀yìn Campos Square kọjá, mo sì rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà kan tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lára: "Ilé títà." Bébà yẹn kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Òrùlé rẹ̀ ni mo gbójú sókè wò. Mo rí i pé páànù ti ká kúrò níbì kan, àyà mi sì já, torí bí tiwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà, ló bí bàbá ìyá mi. Káfíńtà ni, Pópó Àgùdà ló sì kọ́lé sí. Ẹni tí kò bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún un. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sínú ojú fèrèsé, a ó ká ẹsẹ̀ jọ, a ó sì ti pákó fèrèsé mọ́ra wa bí ẹni tó ní yàrá tirẹ̀. Orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ kọdọrọ bí òṣùmàrè, òdòdó yí i ká, kò sì sí méjì tó jọra pátápátá torí ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Bí o bá ṣí ìlẹ̀kùn iwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan lọ tààrà sí àgbàlá lẹ́yìn, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, atẹ́gùn á sì máa fẹ́ gba inú ilé kọjá láìsí fáànù. Kànga wà ní àgbàlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se frejon lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè. A máa ń ti Sùúrùlérè, Ẹ̀búté Mẹ́ta àti Yábàá wá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n rin àgbọn. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn àgbọn, àgbàlá yẹn ni ojú mi máa ń rí.

Bàbá àgbà kò fi ìwé ìhágún sílẹ̀, ìyá mẹ́ta ló sì bímọ fún un. Ilé ẹbí ni ilé náà dà. Dáwódù, àkọ́bí ọkùnrin, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ìṣirò. Nígbà tí òrùlé kọ́kọ́ jò, garawa kan ni wọ́n gbé síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìkejì tì í. Ọdún mẹ́fà ni garawa fi wà lábẹ́ òrùlé yẹn, igi àjà sì ń jẹrà lórí rẹ̀.

Àsìkò yẹn ni àwọn oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà ń wá ibi kó ẹrù sí kiri. Ẹni tó wá wo ilé wa kò wo òdòdó ara ògiri rárá. Tépù ló mú lọ́wọ́, ilẹ̀ ló ń wọ̀n. Dáwódù àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ọmọ ìdí igi kan náà, ìyẹn ni pé ìyá kan náà ló bí wọn, gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ayálégbé kan ló fi fóònù pe ìyá mi. Nígbà tí ìyá mi débẹ̀, wọ́n ní kí ló kàn án, ṣebí ó ti lọ sílé ọkọ. Ó ní, "Ilé ọkọ ni mo lọ, mi ò lọ sọ́run."

Lọ́yà tí a lọ bá là á yé wa. Bí ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá ta ilé ẹbí, òfo ni títà náà. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á, tí kò fọ̀rọ̀ lọ àwọn àgbà ìdí igi yòókù, títà náà kò tíì di òfo, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fọ̀rọ̀ lọ̀ lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé e, bí wọn kò bá ti fi falẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú dáadáa. Ó tún ní láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ni kọ́ọ̀tù l'Ékòó ti gbà pé ọmọbìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí bó bá jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Ìyá mi ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

A gba ilé náà padà. A fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Èmi ni mo di agolo ọ̀dà mú. Orí òdòdó tí bàbá àgbà mọ ni a kọ ọ́ lé, ó sì ń dùn mí títí di àsìkò yìí.

Gbogbo owó tí a tu jọ, ọ̀dọ̀ lọ́yà ló lọ. A kò ná kọ́bọ̀ lórí òrùlé. Nígbà òjò ọdún kejì, àjà yàrá òkè já lulẹ̀. Ọlọ́run ṣeun, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, gbogbo wa sì gbà pé kí á tà á. Ìyá mi náà fọwọ́ síwèé. Ìjà owó wá tún dé: àwọn méje tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kìíní fẹ́ orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba; ìyá mi àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ méjì péré fẹ́ ìdí igi, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan. Irú ọ̀rọ̀ yìí ti dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù rí, kọ́ọ̀tù tó ga jù fún wa nígbà náà, nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu ní 1962, wọ́n sì ní ìdí igi ṣì ni àṣà Yorùbá. Ìdí igi náà la fi pín in.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wó o. Ẹnì kan ní à bá ti jẹ́ kí ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà wó. Ilojo Bar, ilé Àgùdà tó wà ní Tinúbú, ńkọ́? Wọ́n ti kéde ìyẹn ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Pákó fèrèsé kan ṣoṣo ni mo rí mú kúrò níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń tì mọ́ra wa.

* * *

Ẹ kú ìrójú, mà. Apá kejì ni tèmi, èmi ni mo fẹ́ rà. Òkè Pópó ni ilé tèmi wà, ìfẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó yẹ. Bàbá tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni mo rò pé ó nilé. Ó fi ìwé owó iná hàn mí, mo gbà. Mo ti san àsansílẹ̀ tán kí ìyá arúgbó kan tó ti yàrá ẹ̀yìn jáde, tó sì rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló ní kí o wá?" Ìdí igi tirẹ̀ kò gbọ́ sí i rárá. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi lépa owó yẹn, ìdajì rẹ̀ kò sì padà.

Bí mo bá tún fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀, mi ò ní san kọ́bọ̀ títí gbogbo ìdí igi yóò fi jókòó sínú yàrá kan náà, tí wọ́n á fọwọ́ síwèé lójú ara wọn, tí lọ́yà mi á sì ti yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Alausa. Ìyọ̀ǹda gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè ṣì tún kù lẹ́yìn ìyẹn.

* * *

Bíríkìlà ni mí. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ bàbá tirẹ̀ lòun náà ti kọ́ ọ, àwọn Àgùdà ló sì kọ́ ìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ọwọ́ tí wọ́n ní, ẹ lọ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street. João Baptista da Costa ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1894, ó ṣì dúró.

Mà, garawa tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Púpọ̀ nínú ògiri ilé wọ̀nyẹn, amọ̀ ni, ẹfun àti yanrìn ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Òjò ìta kì í tètè pa á. Omi tó bá ti òkè wọ àárín rẹ̀ ló ń pa á. Ohun kejì ni sìmẹ́ǹtì. Ẹni tó bá rówó díẹ̀ á ní kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ kó lè le. Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí omi inú ògiri ráyè jáde. Nígbà tó bá yá, á máa ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ, á sì máa bó amọ̀ mọ́ra. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹbí kan nítòsí Igbóṣẹ̀rẹ̀ pè mí, ejẹ́ńtì ti mú olùrà wá fún wọn. Mo gun òkè àjà lọ, igi méjì péré ni mo bá tó jẹrà. Wọ́n fi yàrá iwájú háyà fún télọ̀ kan, wọ́n gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó yẹn la fi pààrọ̀ igi àti páànù. A kò fọwọ́ kan ògiri títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé, kó lè gbẹ dénú. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi amọ̀ tẹ àwòṣe òdòdó tó ṣẹ́ kù, mo sì fi àwòṣe yẹn mọ àwọn tó ti bọ́. Ọmọ mi ló ń tan tọ́ọ̀ṣì sí mi. Wọn kò ta ilé náà.

* * *

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá bíríkìlà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka tiyín. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé tí mo rí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross rí ni. Mo ti pè é. Ó ní wọn kò tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí igi méjì ni wọ́n, ìkejì wà ní Ìbàdàn, wọn kò sì tíì sọ fún wọn. Páànù mẹ́ta ló ká. Garawa kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ẹ máa ráyè kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, sà? Ọkọ̀ tèmi la máa gbé lọ. Màá mú pákó fèrèsé yẹn dání, kí ẹ lè bá mi wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tí ikán ti ń jẹ.