Fáìlì àpatẹ ni, kì í ṣe fáìlì ìjọba

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ifẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ òfin rédíò àwọn ará Amẹ́ríkà ní ká pe “public inspection file”, fáìlì tí ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú fún ará ìlú láti wò, ní “fáìlì ìjọba”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn.

Mo mọ ibi tó ti wá. Pọ́búlíìkì sùkúù, ilé ìwé ìjọba là ń pè é. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń kọ fáìlì yìí, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀. FCC, àjọ tó ń mójú tó wọn, kàn ní kó má tì í mọ́lé ni. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń to àwọn ètò tó sọ̀rọ̀ ìṣòro ìlú sínú rẹ̀. Ti oṣù kìíní sí ìkẹta gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Àkọsílẹ̀ ìpolówó olóṣèlú ń lo ọdún 2 níbẹ̀.

“Àkọsílẹ̀ ìpamọ́” tí ẹlòmíràn dábàá tún wá burú jù. Ohun tí a pa mọ́, a tọ́jú rẹ̀ ni àbí a fi í pamọ́ fún aráyé?

Èmi ní “fáìlì àpatẹ”. Ẹ lọ sí Ọjà Tuntun. Ìyá aláta ti kó tòmáàtì jọ ní márùn-ún márùn-ún. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó béèrè iye, ẹ ó sì bá tiyín lọ láìrà. Kò ní bi yín pé ta ló rán yín. Òfin wọn náà nìyẹn nígbà tí fáìlì ṣì wà nínú ilé iṣẹ́, kó tó di ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá wá wò ó, wọn ò gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ìwé lọ́ọ̀gù tiwa níbí o, ìwé ẹ̀yìn líle tí wọ́n fi òwú so bírò mọ́: aago, orúkọ ètò, ìbuwọ́lùwé. NBC, àjọ tó ń mójú tó rédíò nílẹ̀ wa, tí òfin 38 ọdún 1992 dá sílẹ̀, lè ní kí wọ́n gbé ìyẹn wá. Kì í ṣe èmi àtẹ̀yin ni wọ́n ń kọ ọ́ fún.

“Ìbófinmu” tí ẹ̀gbọ́n kọ fún “compliance” dùn lẹ́nu, ẹ jẹ́ ó dúró. Àbúrò tó ní “àpatẹ” ń rùn bí ọjà títà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìpolówó olóṣèlú tó kún inú fáìlì yẹn, tí wọ́n kọ iye owó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ni ká pe ìyẹn?