Àbọ̀ ìrìn àjò wa láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè lọ́wọ́ yín níjọ́sí bóyá alùpùpù kan lè gbé èmi àti ìyàwó mi láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, lásìkò òjò, a ti lọ, a ti bọ̀.

Oòrùn ló sìn wá kọjá Ṣàkẹ́tẹ́. Ó ku díẹ̀ ká wọ Kétu ni òjò já lù wá, a sá sábẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta kpáyò, ìyẹn epo bẹntiróòlù inú ìgò. Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé aṣọ ká tó kó o sínú báàgì, ẹ ṣeun púpọ̀! Ẹ̀wù òjò mi ya lábíyá, omi ń ṣàn wọ bàtà, àmọ́ aṣọ inú báàgì gbẹ táútáú. Ẹni tó ní ká dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù, ẹ má bínú, mi ò gbà. Èèyàn méjì ló wà lórí ẹ̀!

Kétu la sùn. Lọ́jọ́ kejì mo ya ọ̀nà oko kan, àṣìṣe tèmi nìyẹn. Ẹrẹ̀ pupa dí ṣéènì pa, ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a rí àwọn òkè Ṣábẹ, oòrùn ti tún yọ.

Ìbéèrè mi ti parí.