Kí ni mo lè fi dípò chickpea (irú ẹ̀wà kan) nínú oúnjẹ ọmọ mi?

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Kàbbà ni mo wà. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 14, láti oṣù mẹ́ta ni apá rẹ̀ ò ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ibi ìyẹ́lò, tó ń kìlọ̀ pé oúnjẹ ò ṣe é lára tó, ni okùn tí wọ́n fi ń wọn apá ń dúró sí. Mo ti lo oògùn aràn fún un, mo ń po ẹyin àti edé mọ́ ògì rẹ̀, ó ṣì ń mu ọmú. Ó ń jẹun, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ̀wù tó ń wọ̀ nígbà tó ń rá ṣì gba ara rẹ̀.

Mo kà pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun ọmọ tí oúnjẹ ò ṣe lára kì í dàgbà bó ṣe yẹ. Ní Bangladesh, wọ́n fi chickpea, ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n bọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Èsì tó jáde ní 2021 ni pé wọ́n ń tẹ̀wọ̀n sí i kíákíá ju àwọn tó jẹ oúnjẹ ìtọ́jú tí a mọ̀ lọ.

Mẹ́ta wà lọ́jà wa, chickpea nìkan ni mi ò rí. Ṣé ẹ̀wà olóyin lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn kòkòrò náà, àbí kí n wá nǹkan mìíràn?