Ṣé kí ọmọ inú ìtàn yìí rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ fún àwọn ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án, Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́ kú, àwọn àgbà ní ó rìnrìn àjò, bí a ṣe máa ń sọ fún ọmọdé. Ló bá gbéra láti wá a lọ.

Ọjọ́ Èyọ̀, eégún aláṣọ funfun ti Èkó, ló bọ́ sí, torí Èyọ̀ ni wọ́n fi ń sin ọba tàbí ìjòyè Èkó tó ti lọ. Adímú, àgbà Èyọ̀, ló ṣíwájú pẹ̀lú akẹtẹ̀ dúdú rẹ̀. Mọ́rẹ́nikẹ́ bọ́ sàńdáàlì, ó tú ṣùkú orí rẹ̀, torí èèwọ̀ Èyọ̀ ni méjèèjì, ó wá tẹ̀ lé èyí tó kẹ́yìn kọjá Ìdúmọ̀tà títí dé etí ọ̀sà.

Ibi tí mo dá a dúró sí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí ọ̀rẹ́ náà jáde sí i, kí wọ́n jọ padà sílé. Ọkàn mi ò gbà á. Ọmọ tí ọ̀rẹ́ tirẹ̀ kú lóòótọ́ lè kà á, kó máa wọ̀nà. Ó wù mí kó pàdé ọmọ míì tó ń wá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, èwo lẹ rò pé ọmọ yín á lè gbà? Ta ló sì yẹ kó sọ òótọ́ fún Mọ́rẹ́nikẹ́?