Ta ló ti gbé ìjọba lọ sí kótù nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún títì?

Ọmọ Olóko
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Títì kan ń bọ̀ wá gba àárín ilẹ̀ ẹbí wa kọjá. A ò ní kí wọ́n má la títì. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀dà pupa la jí bá lára ògiri àgọ́ oko, kò sẹ́ni tó fún wa níwèé kankan. Ta nirú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, tó sì gbé e dé kótù?

Ìyá Dàmọ́lá
Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún màmá wa ni, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ wá, gbogbo ilé ló wà níbi òkú ẹ̀gbọ́n màmá. Ìgbà tá a dé, èèkàn onísìmẹ́ǹtì ti wà láàárín kòkó, wọ́n sì ti fi ọ̀dà kun igi lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀dà yẹn ṣì tutù, ó ń ṣàn wálẹ̀ lára èèpo igi. Màmá fọwọ́ kàn án, wọ́n nu ọwọ́ sára ìró, àbàwọ́n yẹn ò tíì kúrò dòní.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá kan ní kí n lọ ka gàsẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Mo ní níbo ni ìyá arúgbó tó ń gbé oko ti fẹ́ rí gàsẹ́ẹ̀tì? Kò dá mi lóhùn.

Nígbà tá a dé kótù, lọ́yà wa ò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi wọ́n: ta lẹ fi ìwé lé lọ́wọ́? Ẹlẹ́rìí wọn ṣí fáìlì síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ní igi làwọn lẹ̀ ẹ́ mọ́. Adájọ́ ní igi ta ni? Igi máńgòrò aládùúgbò, nísàlẹ̀ odò! Bẹ́ẹ̀ ilé màmá wà lójú pópó, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Adájọ́ ní gbígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ yẹn ò dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá jókòó tì wá, wọ́n ka kòkó lójú wa, wọ́n sanwó, títì sì kọjá.

Táyé Àkúrẹ́
Tiwa, kàtàpílà la kọ́kọ́ rí. Ìwé ò tíì dé dòní.

Bọ̀dá Rásákì
Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo wa la ń ké pé ọ̀nà ò dáa. Bí oníkálukú bá wá ń pe ìjọba lẹ́jọ́, ìgbà wo la ó rí títì rìn? Àwọn míì nínú yín, ilẹ̀ tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún títì tipẹ́ ni ọmọ onílẹ̀ tà fún wọn.

Ìyá Dàmọ́lá
Bọ̀dá, ẹ tún ọ̀rọ̀ mi kà. Títì kọjá, èmi náà ń gbà á lọ sọ́jà. Ṣé torí a fẹ́ títì ni wọ́n á ṣe máa wọ oko opó láì kágò?

Bọ̀dá Rásákì
Ó yé mi, Màmá. Ẹ má bínú.

Lọ́yà Kékeré
Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Abala 28 fún gómìnà lágbára láti fagi lé ẹ̀tọ́ èèyàn lórí ilẹ̀ nítorí àǹfààní ìlú. Bí ìjọba àpapọ̀ bá nílò ilẹ̀ ìpínlẹ̀ gan-an, gómìnà ló ń bá wọn fagi lé e. Ṣùgbọ́n abala yẹn náà ló ní ìgbà tí ìwé bá tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó tán. Abala 44 sì sọ bí ìwé ṣe gbọ́dọ̀ dé: kí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí kí wọ́n fi lẹ́tà onírẹ́jísítà ránṣẹ́. Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá wá onílẹ̀ tì ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ọ́ ní 2006, nínú ẹjọ́ CSS Bookshops àti àwùjọ Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ Rivers, pé ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe ní pàtó.

Àdùkẹ́
Kí ẹ tó kan ìjọba, ẹ wo olórí ẹbí yín. Tiwa, ìwé dé o! Ọwọ́ bàbá wa àgbà ló bọ́ sí. Wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n gba owó gbà-má-bínú, wọ́n fi pààrọ̀ páànù ilé ara wọn. Ìgbà tí katakata dé la tó gbọ́.

Táyé Àkúrẹ́
Ilé wa gan-an nìyẹn!!

Ṣadé L.
Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, omi bọ́ lójú mi. London ni dádì wà nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ. Àwọn àbúrò wọn ní kò sẹ́lòmíì.

Bọ̀dá Rásákì
Olórí ẹbí ni ìjọba mọ̀. Ta ni kí wọ́n tún fún?

Àdùkẹ́
Wọ́n fi wọ́n ṣe olórí ẹbí, wọn ò fi ilẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ! Ẹ̀yin náà lọ́mọ, Bọ̀dá.

Lọ́yà Kékeré
Abala 29 gbà kí wọ́n sanwó fún olórí àdúgbò, ṣùgbọ́n kó lè ná an fún àǹfààní gbogbo wọn ni. Ẹ lè ní kó wá ṣírò owó ní kótù. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Olóko
Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù lórí tiwa. Wọ́n ní owó ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà Kékeré
Ó fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì dára. Ilé àti irè oko ni wọ́n ń díye lé. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, iye owó ilẹ̀ tí èèyàn san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n máa dá padà. Abala 47 tún ní kótù ò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó yẹn tó.

Bọ̀dá Rásákì
Kí wá ni ti kótù?

Alàgbà Ìlárá
Rásákì, sùúrù. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 44 tiẹ̀, ní kí wọ́n sanwó kíákíá, kí èèyàn sì lè lọ sí kótù lórí iye rẹ̀. Èwo ló ga jù?

Lọ́yà Kékeré
Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni, sà, ibẹ̀ lèmi dúró sí. Ṣùgbọ́n Ọmọ Olóko, má fi owó ṣáájú. Ìwé tí wọn ò fún yín ni kí ẹ fi ṣáájú. Bí ìyẹn bá dúró, ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, wọ́n á wá bá yín jókòó.

Ìyá Dàmọ́lá
Ya fọ́tò ọ̀dà yẹn lónìí. Bí wọ́n bá mú ìwé wá lọ́la, gbà á, kọ ọjọ́ tí o gbà á sí i kí o tó buwọ́ lù ú.

Táyé Àkúrẹ́
Àwa tí kàtàpílà ti wó tiwa ńkọ́?

Lọ́yà Kékeré
Ọdún wo ni, Táyé? Ṣé wọ́n ti da ọ̀dà títì síbẹ̀, àbí ẹ ṣì ń dáko létí rẹ̀?