Ọ̀gá mi ní kí n máa ṣiṣẹ́ alẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní California ni mo ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ nínú ìṣirò. Látìgbà tí òfin AB 705 ti ọdún 2017 ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn máa bọ́ tààrà sí ìṣirò ipele yunifásítì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń ya sí. Èrò rẹpẹtẹ! Ọ̀gá mi, ọmọ tí mo lè bí (orúkọ gan-an ló fi ń pè mí, mo ti gbà), wá ní kí n máa ṣe Zoom lálẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Sáà-sáà ni wọ́n sì ń tún àdéhùn wa ṣe. Ṣé kí n lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí i?